Egungun Keje

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì Ìsípẹ́kítọ̀ Salome Adégòkè láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ìwé méjèèjì sì ń pe ara wọn lónírọ́.

Ti àkọ́kọ́ wá láti ilé ìwòsàn aládàáni kan ní France Road, ní Sábóńgàrí Kánò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kọ ọ́. Ó ní àwọn ti ya ẹ́síréè ọrùn Rahinat, ìyàwó Mùnírù, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Egungun ọrùn rẹ̀ méjèèje pé, kò sí èyí tó ṣẹ́. Ti kejì wá láti ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ni wọ́n kọ òun. Ó ní àwọn ti fi síkáànù CT wo ọrùn obìnrin kan náà, egungun keje ti ṣẹ́, ó ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ó sì ti tẹ iṣan ńlá tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Rahinat kú. Irun Àílà kò tíì tó tí wọ́n fi gbé e lọ sin bí ìlànà ẹ̀sìn wọn. Mùnírù ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àtìmọ́lé ni Mùnírù wà, nítorí Sirajudeen, ẹ̀gbọ́n Rahinat, ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé òun ló ṣẹ́ àbúrò òun lọ́rùn.

"Kí ló tún kù?" ni ọ̀gá Salome bi í. "Ọrùn pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọrùn ṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọkọ ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, àwọn ará ilé sì gbọ́ bó ṣe ń pariwo mọ́ ọn ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́rú a ó gbé e lọ sílé ẹjọ́."

"Ẹ fún mi títí di Ọjọ́rú náà, sà."

Obìnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ni Salome. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Sábóńgàrí ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ló ti wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Kì í pariwo, kì í sì í gbá ènìyàn létí. Ohun tó máa ń bí i nínú jù lẹ́nu iṣẹ́ náà ni ẹjọ́ tó bá tètè yanjú. Lójú tirẹ̀, òtítọ́ kì í yá bẹ́ẹ̀.

Ó ní kí wọ́n mú Mùnírù wá.

Iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì ni Mùnírù ń ṣe. Kò tíì wẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, òróró ẹ̀rọ sì wà ní abẹ́ èékánná rẹ̀. Kò bèèrè ìgbà tí wọn yóò tú òun sílẹ̀.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́, màdáámù?"

"Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni, àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n jíṣẹ́ fún tó sì gbọ́.

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni Salome wí. "Sọ ọ́ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀."

"Ó lọ ra mílíìkì àti ọṣẹ ní ọjà Singer, torí ó ń tajà díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Adaidaita Sahu, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó gbé e bọ̀, dojú dé, orí rẹ̀ gbá irin. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ó ní ọrùn ń dun òun, ìka ọwọ́ òsì òun sì ti kú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà Olúdáre."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀?"

"Pátákó iwájú ilé ìwòsàn yẹn ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ní síkáànù CT tuntun, irú èyí tí ìtànṣán rẹ̀ kò pọ̀. Mo ní tí nǹkan kan bá ṣẹ́, ẹ̀rọ yẹn á rí i."

"Ṣé wọ́n fi wò ó?"

"Rárá. Ẹ́síréè ni wọ́n yà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yà á. Dókítà ní egungun rẹ̀ pé. Ó ní kó máa lo ara rẹ̀, pé tó bá ń dùbúlẹ̀, ọrùn á gan."

"Ó tún kù."

"Ní Ọjọ́rú, ara kò tù ú. A lọ sọ́dọ̀ Malam Habu, màdórì tó ń to egungun ní Brigade. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní egungun ti ṣẹ́, òun kò lè ṣe é. Mo padà lọ bá dókítà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ìwọ tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ìka màdórì lo gbà gbọ́ ju ẹ̀rọ lọ?' Ó fún mi ní ìwé yẹn. Ojú tì mí, màdáámù."

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ jà."

Mùnírù wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo wọlé, mo bá a lórí ẹní. Fàtíyà ọmọ wa ń sunkún ebi. Mo ní ọ̀lẹ ń ṣe é. Mo ní ìwé dókítà wà lọ́wọ́ mi. Mo dì í mú lápá méjèèjì, mo fà á dìde. Ó ní, 'Bàbá Fàtíyà, mi ò mọ ọwọ́ mi mọ́.' Mo ní irọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́."

"O nà án?"

"Rárá, wọlláhì."

"O dì í mú lọ́rùn?"

"Apá ni. Apá ni mo dì mú."

Salome pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ti gbọ́ irọ́ apààyàn púpọ̀ láyé rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi okùn lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n kò yọ màdórì kúrò. Ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan rí tí ẹni tó ń wọ́ra fún un yí lọ́rùn bí ẹni yí ìdérí ìgò, tí kò sì tún rìn mọ́ láyé. Bí Malam Habu bá yí ọrùn Rahinat ní Ọjọ́rú, òun ló ni ẹ̀ṣẹ̀, kò kàn lè jẹ́wọ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà ni Salome gba Brigade lọ.

Abẹ́ igi dógóńyárò ló bá bàbá náà, ó ń di igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ apá ọkùnrin jórinjórin kan. Èdè Haúsá ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Salome kí i, "Sannu, Malam," kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Ṣé ẹ yí ọrùn Rahinat?"

"Bí mo bá yí i, orí ẹní mi níbí ni ì bá kú sí." Bàbá náà na ìka méjì. "Èyí ni mo fi kàn án. Ọ̀pá ẹ̀yìn dà bí bíríkì tí wọ́n tò lé ara wọn. Mo ń fi ìka sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo débì kan, bíríkì kan ti yọ. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò kíá. Apá àti ẹsẹ̀ ni bàbá mi kọ́ mi. Ọrùn kì í ṣe tiwa. Mo ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn oníẹ̀rọ, kí wọ́n tún un wò dáadáa."

"Ta ló gbọ́?"

Ó nawọ́ sí jórinjórin náà, ó sì tún nawọ́ sí obìnrin kan tó na ẹsẹ̀ dídì sílẹ̀ nínú ìbòòji, tó ti ń sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Salome pè wọ́n sọ́tọ̀tọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Obìnrin náà tiẹ̀ fi kún un pé Malam kò gbowó wọn, pé ẹ̀rù ló bà á.

Ọrùn Rahinat ti ṣẹ́ ní Ọjọ́rú nìyẹn, ọjọ́ kan gbáko kí ọkọ rẹ̀ tó fà á dìde. Salome pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù láti sọ ọ́ fún un.

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìka màdórì ni kí n gbé síwájú adájọ́, kí n ní ó mọ̀ ju ẹ́síréè lọ? Wá nǹkan míì mú bọ̀."

Ẹ́síréè náà gan-an ni Salome máa bá jà nígbà náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú àpòòwé ńlá tí wọ́n kó fọ́tò ẹ́síréè náà sí, èyí tí Mùnírù gbé tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Ó lọ bá Ramlat, obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ CT níbẹ̀. Yàrá náà tutù débi pé Ramlat wọ súwẹ́tà sórí híjáàbù, nígbà tí àwọn ènìyàn ń làágùn lóde.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀," ni Salome wí. "Kí ni ẹ̀rọ yìí rí tí ẹ́síréè kò rí?"

"Òjìji ni ẹ́síréè," ni Ramlat dáhùn. "Ẹ dúró síwájú iná, òjìji yín á hàn lára ògiri. Bí èmi náà bá dúró sẹ́yìn yín gẹ́lẹ́, òjìji kan ṣoṣo ni ẹni tó ń wo ògiri máa rí. Kò ní mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. CT kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹni gé búrẹ́dì ló ṣe máa ń fi ara ènìyàn hàn, ègé lórí ègé. Èmi á wà lórí ègé tèmi, ẹ̀yin á wà lórí tiyín. Kò sẹ́ni tó lè bo ẹnì kejì."

"Ṣé ó lè sọ ọjọ́ tí egungun náà ṣẹ́?"

"Ah, rárá o. Egungun kì í kọ déètì sára. Ọjọ́ mẹ́ta kò tó kó yí padà lójú ẹ̀rọ."

Salome mí kanlẹ̀. Ó fa fọ́tò ẹ́síréè náà yọ, ó gbé e sókè sí iná. Ọrùn obìnrin náà hàn láti ẹ̀gbẹ́, funfun nínú dúdú.

"Egungun ọrùn ènìyàn, méje ni?"

"Méje ni. Ti àgbò iléyá pàápàá, méje ni."

Salome fi ẹnu báírò kà á láti òkè. Ó kà á tán, ó dúró. Ó tún un kà láti ìsàlẹ̀ sókè.

"Mẹ́fà ni mo rí."

Ramlat súnmọ́ ọn. Òun náà kà á. Ó gba fọ́tò kejì, ó gba ẹ̀kẹta, ó gba ẹ̀kẹrin. Lábẹ́ egungun kẹfà, nínú gbogbo wọn, ohun funfun kan ló bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìkùukùu.

"Èjìká ni," ni Ramlat wí. "Èjìká rẹ̀ ló bo keje. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi yà á lẹ́ẹ̀mẹrin nìyí, wọ́n ń wá keje. Wọn kò rí i."

"Tí wọn kò bá rí i ńkọ́?"

"Wọ́n á so ọrùn rẹ̀ kó má yí, wọ́n á sì gbé e lọ síbi CT. Ọmọ ilé ìwé wa pàápàá mọ̀ ọ́n."

Salome gbé ìwé ilé ìwòsàn France Road lé orí tábìlì, ó fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ "méjèèje pé" sí. Àwọn obìnrin méjèèjì wò ó.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ èyí fún àwọn ọlọ́pàá lọ́jọ́ Ẹtì?" ni Salome bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìwé àbájáde. Mo fún wọn."

Ìdáhùn náà dun Salome, torí ó mọ ẹni tó gba ìwé náà, ó sì mọ̀ pé bí òun bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kóun náà má bèèrè.

"Ṣé ẹ̀rù ìtànṣán lè mú dókítà yẹra fún CT?"

"Láyé ọjọ́sí. Àwọn ẹ̀rọ tuntun ti dín in kù gan-an, egungun á sì ṣì hàn kedere. Ó lè ju ti ẹ́síréè kan lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ya obìnrin yìí. Mi ò ní kẹ́ ẹ máa kó gbogbo ẹni tó bá ṣubú sínú CT o. Ọwọ́ tó yẹ̀, ẹ́síréè tó o. Ṣùgbọ́n ọrùn tẹ́ ẹ ò bá rí tán, ẹ ò tíì rí i nìyẹn."

Salome dìde. Ó ku ìbéèrè kan, kò sì wù ú láti bi í.

"Bí wọ́n bá fa ènìyàn dìde lápá, ṣé ọrùn rẹ̀ lè ṣẹ́?"

"Ọrùn tó pé? Rárá."

"Èyí tó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọn kò so?"

Ramlat wo fọ́tò náà kó tó dáhùn. "Ó lè sún un. Àmọ́ ìdìde lásán lè sún un. Ìkọ́ lè sún un. Mi ò lè sọ fún yín pé èyí ni tàbí èyí kọ́."

Bí Salome ti fẹ́ jáde ló bèèrè ìdí tí yàrá náà fi tutù tó bẹ́ẹ̀. Ramlat ní CT kì í fẹ́ ooru. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á nínú ooru Kánò, ẹ̀rọ náà yóò kú.

Láti ibẹ̀, France Road.

Alàgbà ni Dókítà Olúdáre nínú ìjọ tí Salome ń lọ. Òun ló tọ́jú ìyá Salome títí tó fi kú, kò sì gba kọ́bọ̀. Bó ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà ló na ọwọ́ méjèèjì.

"Sístà Salome! Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló gbé yín wá? Ó ṣeni láàánú. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kí ló ń fẹ́yàwó fún?"

"Alàgbà, kí ló dé tí ẹ kò fi síkáànù wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Ìtànṣán. Ìyálọ́mọ ni. A kì í ṣàdédé da ìtànṣán lé ènìyàn lórí, nígbà tí ẹ́síréè ti fi hàn pé kò sí nǹkan."

"Ẹ́síréè ẹ̀ẹ̀mẹrin."

"Ẹ ní?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n yà á. Ẹni tó ń sá fún ìtànṣán kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Dókítà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ti ń di oníṣègùn, sístà."

"Ẹ jẹ́ n rí ẹ̀rọ CT yín."

"Aláìsàn wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́."

Ó sìn ín jáde pẹ̀lú àdúrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wọlé, Salome kò tíì lọ. Ó yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì dúró níwájú ìlẹ̀kùn irin tí wọ́n kọ CT sí. Kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ kankan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin náà. Ó gbóná bí ìdérí ìkòkò. Páálí omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ló kún ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn náà títí dé orúnkún, eruku sì ti bo wọn. Aláìsàn tó bá wà nínú ibẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà yẹn ló gbà wọlé.

Yàrá ẹ́síréè ló kàn. Olúwafẹ́rànmí, ọmọbìnrin tó ń yà á, kò tíì pé ọdún méjì tó kúrò nílé ìwé. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìwé tó ní méje pé. Salome ti ìlẹ̀kùn, ó fi fọ́tò náà sí iwájú àpótí iná tó wà lára ògiri.

"Fẹ́rànmí, kà á fún mi."

"Màámi?"

"Egungun. Kà á."

Ọmọbìnrin náà na ìka. "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mẹ́fà." Ìka rẹ̀ dúró.

"Máa kà á lọ."

Ọmọbìnrin náà sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ìwọ lo kọ méje. Kà á dé méje fún mi, kí n máa lọ."

Fẹ́rànmí jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí. Ẹkún tó sun kò ní ohùn. Nígbà tó ṣe, ó mú fóònù rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ kan jáde lórí wáàsáàpù, ó nà án sí Salome láìwò ó lójú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fi ránṣẹ́ sí dókítà: *Sà, mẹ́fà ni mo rí. Èjìká bo keje. Obìnrin náà ní ìka òun kú. Ó yẹ ká síkáànù rẹ̀. Tí tiwa kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ ìwé fún un lọ sí ti ìjọba.*

Ìdáhùn dókítà wà nísàlẹ̀ rẹ̀: *Kọ ọ́ pé méjèèje pé. Má dárúkọ síkáànù. Àwọn àlejò wa ń bọ̀ lọ́la.*

"Àwọn àlejò wo?"

"Ẹgbẹ́ kan tó fẹ́ fún dókítà lámì ẹ̀yẹ, pé òun ló kọ́kọ́ gbé irú CT bẹ́ẹ̀ wá sí àdúgbò yìí. Ẹ̀rọ náà ti kú láti ìgbà ooru. Kò fẹ́ kí ìwé kankan jáde níbí tó máa fi hàn pé kò ṣiṣẹ́."

"O sì kọ ọ́."

"Mo kọ ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ọ̀gá mi ni, mà. Mo ní bóyá ó mọ ohun tí mi ò mọ̀."

"Nígbà tí o gbọ́ pé Rahinat ti kú ńkọ́?"

"Mo sáré lọ bá dókítà. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, pé Ọlọ́run ti yọ wá."

Salome gba fóònù náà, ó ní kí Fẹ́rànmí wọ bàtà rẹ̀ kó jẹ́ kí àwọn lọ.

Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì dókítà, ó gbé fóònù náà síwájú rẹ̀, kò jókòó. Olúdáre kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún.

"Ta ló sọ fún yín pé ì bá yè?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́."

"Nítorí náà, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Adaidaita ló gbé e ṣubú. Ọkọ ló fà á bí àpò ìrẹsì. Èmi kò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀."

"Ẹ kọ ohun tí ẹ kò rí, sà. Ọkùnrin náà gba ohun tí ẹ kọ gbọ́, ó pa ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sọ tì."

"Sístà Salome. Ẹ rántí màmá yín."

"Mo rántí wọn," ni Salome wí. "Ẹ dìde, ká lọ."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, dípò kí wọ́n gbé Mùnírù lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá bẹ́líìtì àti fóònù rẹ̀ padà fún un. Ó buwọ́ lùwé. Salome ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ohun tí Ramlat sọ nípa fífà dìde pamọ́. Mùnírù gbọ́ ọ tán.

"Èmi kọ́ ni mo ṣẹ́ ẹ nígbà náà."

"Ẹ̀yin kọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa pè é ní ẹ̀yin.

"Ṣùgbọ́n mo lè ti sún un."

Salome ò lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kò lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkùnrin náà rí i lójú rẹ̀, kò bi í mọ́.

Dókítà Olúdáre kò sùn ju òru méjì lọ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gba béèlì rẹ̀. Ilé ẹjọ́ sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n tún sún un síwájú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ pè é jáde síwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ na ọwọ́ sí i, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run dójú ti àwọn ọ̀tá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀tá. Nígbà tí ìsìn parí, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kọrin láti ogún ọdún sẹ́yìn gba ẹ̀gbẹ́ Salome kọjá bí ẹni tí kò rí i. Fẹ́rànmí, tí yóò jẹ́rìí, ti di ẹni tí ilé ìwòsàn kan kò gbà síṣẹ́ mọ́ ní gbogbo Sábóńgàrí.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n tú u sílẹ̀ ni Mùnírù wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó wọ jálàbíà funfun. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣàdúà síbi tí wọ́n sin Rahinat sí, ṣùgbọ́n òun kò mọ sàréè rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ó bẹ Salome kó bá òun bẹ Sirajudeen.

Salome gbé e lọ sí Singer, níbi tí Sirajudeen ti ń ta fóòmù ìsùn. Ọkùnrin náà ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà; òun gan-an ló ń pariwo jù pé kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ó wo Mùnírù, ó yíjú sí Salome.

"Ìsípẹ́kítọ̀, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ó fà á dìde àbí kò fà á?"

"Ó fà á. Ìwé tí wọ́n fún un ló..."

"Ṣé àbúrò mi sọ fún un pé ọwọ́ òun ti kú, àbí kò sọ?"

"Ó sọ," ni Mùnírù fúnra rẹ̀ dáhùn.

Sirajudeen gun ọ̀kadà rẹ̀. Ó ṣíwájú wọn lọ sí ìtẹ́ òkú, Salome sì rò pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin náà dúró sí, kò bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Nínú lọ́hùn-ún, lábẹ́ ògiri, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tuntun mẹ́rin ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí àmì lára ọ̀kankan. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sin lọ́jọ́ kan náà, òun kò rántí èyí tó jẹ́ ti obìnrin.

"Èwo ni, ẹ̀gbọ́n?" ni Mùnírù ké sí i.

Sirajudeen wò ó láti orí ọ̀kadà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, Alhaji," ni Salome wí. "Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo wọ inú ilẹ̀ gbà á." Ó mú ojú kúrò lára wọn. "Ṣé òfin kan wà tó ní kí n fi hàn án?"

Kò sí. Salome dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Mùnírù bọ́ bàtà. Ó rìn dé àárín àwọn sàréè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọjú sí gábàsì, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣàdúà fún Rahinat. Lẹ́yìn náà, ó ní òun kò mọ orúkọ àwọn mẹ́ta yòókù, kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wo àwọn náà. Kó tó fi ọwọ́ pa ojú, wọ́n ti gbọ́ ìró ọ̀kadà Sirajudeen tó ń padà lọ sọ́jà.